Oògùn Tí Agéṣọ Gé Sí Méjì

Bí o bá fẹ́ mọ irú ẹni tí ọkùnrin kan jẹ́, fi ojú àti ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, àpò aṣọ rẹ̀ ni kí o yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Ní ilé ìfọṣọ ńlá tí mo wà, àwọn kan ń fọ aṣọ, àwọn kan ń sá a, Ìyá Alọṣọ ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, èmi sì ń jókòó síwájú, mò ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, mo sì ń ti ọwọ́ bọ gbogbo àpò kí aṣọ tó wọ inú ẹ̀rọ. Ohun tí mo bá rí, inú àpò ìwé kékeré ni mò ń fi í sí títí ẹni tó ni ín yóò fi padà wá. Mo ti rí eyín àtọwọ́dá rí. Mo ti rí òrùka ìgbéyàwó nínú àpò ẹni tó ń sọ fún mi pé òun kò tíì láya. Òfin ilé iṣẹ́ wa ni pé a kò gbọdọ̀ bi oníbàárà ní ìbéèrè kankan nípa ohun tí a bá rí. Ẹni tó ṣe òfin yẹn kò tíì bá mi pàdé. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, n kò sì bínú sí i.

Ọkùnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kó ṣẹ́ẹ̀tì funfun wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ, lẹ́yìn òpópónà wa, ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ránṣọ o. Òun ló ń gé e kó tó kan àwọn tó ń rán an, Agéṣọ sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Nínú àpò àyà ọ̀kan nínú àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà ni mo ti rí ìlàjì hóró oògùn. Ìlàjì o, kì í ṣe odindi. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e gún régé, kò rún, kò ya. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Ẹni tí orí ń fọ́ kì í gé oògùn sí méjì, odindi ló máa gbé mì, tí á tún máa wá òmíràn. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tó padà wá kó aṣọ rẹ̀, mo na àpò ìwé náà sí i.

“Tiyín nìyí, sà.”

Ó yẹ inú rẹ̀ wò, ojú sì tì í. “Ẹ ṣé o.”

“Kí ló jẹ ìlàjì kejì?”

Ìyá Alọṣọ húkọ́ lẹ́yìn mi, irú ikọ́ tó ń rán ènìyàn létí òfin. Agéṣọ ti àpò ìwé náà bọ àpò. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín.

“Àná ló jẹ ẹ́,” ló dá mi lóhùn, ó sì gbé aṣọ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Láti ọjọ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń mú ṣẹ́ẹ̀tì wá, tó bá mú ọ̀kan wá lónìí, á mú òmíràn wá lọ́tùn-únla.

“Ṣé ọkùnrin yìí ń kó kúrò nílé díẹ̀díẹ̀ ni?” Ìyá Alọṣọ bi mí. “Mo mọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mú wá lónìí. Èmi ni mo lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Kò tiẹ̀ tíì wọ̀ ọ́ rárá.”

“Bóyá ó fẹ́ràn kí aṣọ mọ́ ni, mà.”

“Aṣọ kọ́ ló fẹ́ràn. Tí ẹ bá ní kí ẹ máa wo ara yín báyìí, aṣọ ọmọ ọlọ́mọ á gbó dànù sínú omi. Jẹ́ kí n lọ bá a sọ̀rọ̀.”

Bó ṣe di alárinà wa nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó lọ ní àkókò ìsinmi, ó sì padà dé tòun ti ẹ̀rín lẹ́nu. “Ó ní òun á dúró dè ọ́ níwájú ilé iṣẹ́ wọn tí ẹ bá ṣíwọ́. Ó tún ní kí n má sọ fún ọ pé àyà òun ń já. Mo ti sọ ọ́.”

Bẹ́ńṣì kan wà níwájú ilé iṣẹ́ náà, ibẹ̀ la sọ di ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sọ fún mi, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ aṣọ lé ara wọn lórí tábìlì gígùn, tí ọ̀bẹ á sì gba gbogbo rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ń ṣàlàyé, ọwọ́ rẹ̀ á máa gé afẹ́fẹ́. Mo fẹ́ràn ọwọ́ yẹn kí n tó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹni tó ni ín.

“Kò sí aṣọ tí kò tó,” ó sọ fún mi. “Agéṣọ tí kò mọ iṣẹ́ ló wà. Tí o bá dojú bátànì, ìwé àwòṣe tí a fi ń gé aṣọ, kodò, tí o fi apá há àárín iwájú àti ẹ̀yìn, aṣọ tí wọ́n ní kò lè tó ènìyàn méjì á tó wọn, á tún ṣẹ́ kù.”

“Oògùn yẹn ńkọ́?” mo bi í. “Oògùn kí ni?”

Ó pa ọwọ́ pọ̀. “Oògùn ọpọlọ ni.”

N kò ní purọ́, ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ nípa irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, wọ́n á sì pa ilẹ̀kùn dé kí wọ́n tó sọ ọ́. Ọkàn kan ní kí n dìde. Ọkàn kejì, tí í ṣe ọkàn mi gan-an, fẹ́ mọ̀.

“Báwo ló ṣe máa ń rí?”

Ó yíjú sí mi bí ẹni tí kò retí ìbéèrè yẹn. “Nígbà mìíràn, orí mi á máa sáré. Oorun á dá lójú mi, n óò máa rò pé mo lè gé aṣọ gbogbo ayé tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á wó lulẹ̀. Mo lè jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kí n máa wo bàtà mi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kí n má lè wọ̀ ọ́.”

“Kí lo máa ń rò tí o bá ń wo bàtà náà?”

“Okùn rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ta ló tiẹ̀ dá okùn bàtà sílẹ̀, kí ni a ṣe fún un.” Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. “Dókítà á bi mí bóyá mo sùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á bi mí bóyá mo lo oògùn. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ti okùn bàtà rí.”

Ó wá ṣàlàyé ìlàjì hóró náà. Ilé iṣẹ́ wọn ní ètò adójútòfò ìlera, ṣùgbọ́n oṣù tí iṣẹ́ bá wà nìkan ni káàdì tó ń san owó oògùn ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá sí ẹni tó gbé aṣọ fún wọn rán, wọ́n á ní kí wọ́n lọ sinmi nílé, káàdì náà á sì sinmi. Àìsàn rẹ̀ kì í bá wọn sinmi. Oògùn tí dókítà fún un sì wọ́n bí ojú. Nítorí náà, tí iṣẹ́ bá ti ń fà sẹ́yìn, á mú abẹ rẹ̀ tó mú jù, á gé oògùn sí méjì méjì.

“Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mú un tó,” ó ní, ó sì ń yangàn díẹ̀.

Èmi náà yìn ín. Kí ni mo mọ̀ nípa oògùn? Mo rò pé ọlọ́gbọ́n ni.

Ọ̀rọ̀ káàdì tèmi ló kọ́kọ́ dá ìjà sáàárín wa. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ló ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn wá fún wa fọ̀, nítorí náà iṣẹ́ kì í dá níbi tiwa, káàdì adójútòfò tiwa sì ń gbé ìtọ́jú ọkọ àti ọmọ. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ bí ènìyàn ṣe ń mọ àwọ̀ ògiri. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó sọ fún mi pé wọ́n tún ti ní kí àwọn lọ sinmi, ni nǹkan kan là sí mi lórí.

“Jẹ́ ká ṣègbéyàwó!” mo pariwo. “Káàdì mi á gbé ẹ. O ò ní gé nǹkan kan mọ́.”

Inú mi dùn débi pé n kò wo ojú rẹ̀. Nígbà tí mo wò ó, ó ti le.

“Ṣé mo sọ fún ọ pé káàdì ni mò ń wá?”

“N kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo ti ń ro bí mo ṣe máa bi ọ́ láti ọjọ́ yìí. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ sí i. Ní báyìí, tí mo bá ní mo fẹ́ ọ, kí ni àwọn ènìyàn á sọ? Kí ni ìwọ gan-an á máa rò tó bá di ọdún méjì?”

“Èmi? N kò ní ro nǹkan kan.”

“Ìwọ tí o máa ń ro gbogbo nǹkan?” Ó dìde, ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà bà mí nínú jẹ́ nítorí pé òótọ́ ni. Mo ti ń rò ó. Ìgbà wo ló mọ̀ nípa káàdì wa? Ṣé kó tó máa mú ṣẹ́ẹ̀tì wá lọ́kọ̀ọ̀kan ni, àbí lẹ́yìn ìgbà náà? Mo kórìíra ìbéèrè yẹn, kò sì lọ.

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ màmá mi, mo rò pé wọ́n á tù mí nínú. Bí wọ́n ṣe gbọ́ oògùn ọpọlọ, wọ́n gbé ife tíì sílẹ̀.

“Rárá.”

“Mọ́mì, ẹ ò tíì rí i.”

“Mo ti rí i kí wọ́n tó bí ọ.” Ẹ̀gbọ́n wọn kan wà tí a kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa, àìsàn ọpọlọ ló bá a jà, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí. Màmá mi, tí wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà, ló ń gbé oúnjẹ fún un. “Tí owó bá wà, oògùn á wà. Tí kò bá sí owó, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti títì. Ọdún tó kú, mo sun oorun àsùnjí fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú sì ń tì mí dòní olónìí. Ìyẹn lo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn wọ̀? Ó tún wá jẹ́ pé ẹni náà kò ní káàdì, ìwọ lo ní. Ìwọ ló fẹ́ àbí káàdì?”

“N kò mọ̀, Mọ́mì,” mo wí, omi sì bọ́ lójú mi.

Agéṣọ kò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí ṣẹ́ẹ̀tì. Mo kọ́kọ́ bínú, mo ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Alọṣọ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sùn. “A kì í fi iná sórí òrùlé sùn,” ó ní, ó sì bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Nígbà tó dé láti ilé Agéṣọ, kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ní kò tíì dìde láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ti pe àwọn agéṣọ padà sí ibi iṣẹ́, kò lè lọ.”

Mo sáré dé ibẹ̀ láìbọ́ aṣọ iṣẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni, ó mọ́, àwọn ṣẹ́ẹ̀tì funfun wà lára ìkọ́ ní ìlà. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, irùngbọ̀n ti kún ojú rẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo jókòó tì í. Lórí tábìlì ni abẹ wà, pẹ̀lú àwo kékeré kan tí ìlàjì oògùn kún inú rẹ̀.

“Mò ń lò ó,” ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Mi ò fo ọjọ́ kankan. Kò kàn ṣiṣẹ́ mọ́ ni.”

Ìyẹn kò yé mi. Mo bu díẹ̀ nínú oògùn náà, mo gbé e lọ sí ilé ìtajà oògùn tó wà nísàlẹ̀ òpópónà. Obìnrin tó ń tà á wò ó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ta ló gé èyí?”

“Agéṣọ ni. Ó fẹ́ kó tó òun fún ìgbà pípẹ́ ni.”

“Háà! Èyí kì í ṣe oògùn gígé. Wọ́n ṣe é kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì ni. Tí wọ́n bá ti gé e, gbogbo rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kó tó di alẹ́, kò ní sí nǹkan kan lára ẹni tó lò ó mọ́.”

Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo àwọn ìlàjì náà bí wọ́n ṣe gún régé. Ọwọ́ tí mo fẹ́ràn jù láyé ló ṣe é.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo bi dókítà náà ní ìbéèrè títí ó fi béèrè bóyá akọ̀ròyìn ni mí. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé oògùn mìíràn wà, ti àtijọ́, tó dínwó gan-an, tó sì ń ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n á kàn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà. Aburú kan ló wà níbẹ̀: ó lè máa mú ọwọ́ ẹni gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Èmi náà wò ó.

“Ẹ fún mi,” Agéṣọ wí.

Ó lò ó ní odindi. Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà. Ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kì í ṣe púpọ̀, ife kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó ń gba òkìtì aṣọ kọjá kò fẹ́ ìgbọ̀n kékeré pàápàá. Wọ́n gbé e kúrò nídìí tábìlì ìgéṣọ, wọ́n ní kó máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, kí ẹlòmíràn máa gé e. Ó sọ ọ́ fún mi lórí bẹ́ńṣì wa, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.

“Mo fẹ́ fẹ́ ọ,” ó ní. “Mo ti fẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀ pé o ní káàdì kankan. Tí káàdì bá gbé mi, màá padà sí oògùn àkọ́kọ́, màá padà sí ìdí ọ̀bẹ mi. N kò ní parọ́ pé n kò fẹ́ ìyẹn. Ó ti sú mi kí n máa ṣe bí ẹni tí kò nílò nǹkan kan.”

“Ìgbà wo lo mọ̀ pé mo ní káàdì?”

“Ọjọ́ tí o pariwo rẹ̀ sí mi létí.”

Mo gbà á gbọ́. Ṣé kò sí iyèméjì kankan? Ó wà. Mo gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀ náà, a sì yan ọjọ́ tí a máa lọ sí kóòtù. Màmá mi ní àwọn kò ní wá.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀gá wa lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ilé ìfọṣọ. Wọ́n ti pààrọ̀ àwọn tó ń bójú tó adójútòfò wa. Láti oṣù tó ń bọ̀, òṣìṣẹ́ nìkan ni káàdì máa gbé. Kò sí ọkọ, kò sí ọmọ.

Mo kà á, mo tún un kà. N kò lè sọ ọ́ fún Agéṣọ. Màmá mi ni mo sọ ọ́ fún, wọ́n sì dìde, wọ́n wé gèlè.

“Ó dára bẹ́ẹ̀. Dìde ká lọ sílé rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà.”

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Agéṣọ dọ̀bálẹ̀ nígbà tó rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń wá àga kiri. Màmá mi kò dúró kí wọ́n jókòó dáadáa.

“Káàdì ọmọ mi kò gbé ọkọ mọ́. Ṣé o gbọ́? Kò sí káàdì.”

“Mo ti gbọ́, mà.”

“Ta ló sọ fún ọ?” Èmi ni mo béèrè.

“Ìyá Alọṣọ. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gan-an ni.”

“O ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, o kò sì sọ nǹkan kan?” Mo nàka sí i. “A jọ lọ yan aṣọ lánàá!”

Ó wo ilẹ̀. “Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí o bá rí i pé o kò ní ohun tí o lè fi tún ayé mi ṣe mọ́, o lè sọ pé kí ni o tún ń wá lọ́dọ̀ mi. Mò ń dúró kó jẹ́ ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ojoojúmọ́ tí mo fi ń wò ó bóyá á sá lọ, òun náà ti ń wò mí. Ara mi wúwo, inú mi sì dùn.

“Ọwọ́ rẹ ńkọ́?” màmá mi bi í.

“Á máa gbọ̀n, mà. Màá máa fa ìlà. Àwọn tó ń gé e ní ìlà mi dára.” Ó wo aago ara ògiri. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àsìkò oògùn mi ti tó.”

Ó bu omi sínú ife, ó ju hóró oògùn sẹ́nu níwájú wa, ó sì gbé ife náà sókè. Omi dà díẹ̀ sára tábìlì nítorí ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi apá ṣẹ́ẹ̀tì nù ún kíákíá. Màmá mi ń wò ó. Wọn kò mú ojú kúrò lára ọ̀fun rẹ̀ títí ó fi gbé e mì.

“Ṣé ó máa ń korò?” wọ́n béèrè.

“Ó korò, mà. Tí omi bá kéré, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun.”

Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n gbé e lé itan. “Ẹ̀gbọ́n mi máa ń tu tiẹ̀ dànù ni,” wọ́n ní. “Mo máa ń pè é ní olóríkunkun. Ife kékeré báyìí ni mo máa ń fi gbé omi fún un.”

Agéṣọ fẹ́ gbé ife náà kúrò lórí tábìlì, màmá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì nà án sí mi.

“Kí lo ń wò? Lọ bu omi kún un fún ọkọ rẹ.”